Kí Àwọn Àgbà Ná

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí mi tó, kó wá kí mi lówùúrọ̀, kó wo bí mo ṣe máa dá a lóhùn. Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ràn ìkíni. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ìyá mi sì kọ́ mi dáadáa: orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí àgbàlagbà tó rántí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, tí ẹnì kan bá bi mí pé, "Olúrántí, ṣé o ò lè kíni ni?", ojú mi á ṣókùnkùn, àdá ni mo sì máa ń rí.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní sọ́féyọ̀. Ọ́fíìsì mi wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, owó oṣù ti dáwọ́ dúró, a kàn ń lọ jókòó lẹ́nu iṣẹ́ ni, kí wọ́n má bàa ní a ò wá. Ebi dé. Tí ebi bá sì ti dé, ilẹ̀ ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ ń tà. Ẹ̀gbọ́n á tà á fún ẹni kan, àbúrò á tà á fún ẹlòmíràn, ìdílé kẹta á lọ kó àwọn jàǹdùkú wá pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Àwa tí wọ́n bẹ̀ pé ká wá wọn ilẹ̀ náà la máa ń bá àwọn jàǹdùkú yẹn pàdé nínú igbó. A ò ta ilẹ̀, a ò ra ilẹ̀, àwa la sì ń jẹ kùmọ̀.

Ìdí nìyẹn tí àdírẹ́sì ímeèlì ẹgbẹ́ àwa awọnlẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀, gbogbo awọnlẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí ni yóò dé bá. "Ẹ má dé ibi báyìí, ilẹ̀ ìjà ni." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gba èmi fúnra mi sílẹ̀ rí. Àwọn kan ní ká kúkú lọ sórí wasáàpù, àwọn àgbà ní rárá, pé ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ju àwòrán síra wọn kì í ṣe ibi ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà lórí ímeèlì.

Àdúrà ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá Adébùsóyè, ọmọ Ìkàrẹ́, ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sọ pé obìnrin ò lè gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wọgbó. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Ijapo Estate pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti adìẹ díẹ̀. Láràárọ̀ ni Bàbá ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ẹgbẹ́: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀ lónìí kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀." Àdúrà náà dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo la máa gbàdúrà fún tí kò ní ṣe Àmín? Ẹni àkọ́kọ́ á kọ Àmín ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ẹni kejì á kọ Àmín Jésù. Ẹni kẹta á ṣe Àmín tirẹ̀, á wá béèrè àlàáfíà Màmá, Bàbá á dáhùn, ẹlòmíràn á tún dúpẹ́ pé Màmá wà dáadáa. Tí o bá sì dákẹ́, wọ́n á ní o ń gbéra ga. Kí oòrùn tó ràn, fóònù ti kún fọ́fọ́, dátà tí èèyàn fi owó oúnjẹ rà ti tán, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tó wúlò á wá wà nísàlẹ̀ gbogbo Àmín yẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Tìmílẹ́yìn ló ń bójú tó àdírẹ́sì náà nígbà yẹn. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́, orí rẹ̀ pé, àfi ẹnu rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra. Wọ́n lu ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ́nà Ìjàrè, wọ́n fi òkúta fọ́ eyín rẹ̀, a sì wá rí i pé ìkìlọ̀ nípa ilẹ̀ náà ti wọlé láti àná, ó kàn sọnù sáàárín Àmín ni. Tìmílẹ́yìn bínú. Ó kọ ọ́ sí gbogbo wa pé: "Láti òní lọ, mi ò fẹ́ rí àdúrà, ẹ kú ọjọ́ ìbí, tàbí Àmín kankan níbí mọ́. Bàbá Adébùsóyè, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí."

Ẹ gbọ́ o. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lọ dọ̀bálẹ̀ sọ ní pálọ̀ Bàbá ní Ijapo, kí wọ́n fún un ní omi mu, kí Bàbá sì rẹ́rìn-ín, ojú gbogbo ayé ló ti sọ ọ́. Mo kà á, mo sì di orí mi mú.

Níbi ìpàdé tó tẹ̀lé e, a ò tíì ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán tí alága wa fi dìde, tó lọ gbá Tìmílẹ́yìn létí. Ìró rẹ̀ dún jáde síta. Tìmílẹ́yìn kò dúró gba ìkejì, ó fi orí kan alága nímú, ẹ̀jẹ̀ sì dà sára búbá funfun tí ọkùnrin náà wọ̀. Ló bá dìjà. Mo rí àwọn tó ní ọmọ ní yunifásítì tí wọ́n ń fi àga onírin gbá ara wọn lẹ́yìn. Ẹnì kan di ẹnì kan lọ́rùn mú mọ́ ògiri títí ahọ́n onítọ̀hún fi yọ. Mo wọ àárín wọn láti là wọ́n, ẹ̀ṣẹ́ tí kì í ṣe tèmi bà mí lẹ́rẹ̀kẹ́, mo bá yọ bàtà, mo sì fi gìgísẹ̀ rẹ̀ lu ẹni tó sún mọ́ mi jù, yálà òun ló jẹ̀bi tàbí òun kọ́. Bàbá Adébùsóyè nìkan ni kò jà. Ó jókòó síbi tó wà, ó ń wo ilẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Tìmílẹ́yìn jáde, ètè rẹ̀ ti là sí méjì, kò sì padà wá sí ìpàdé wa mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ Tìmílẹ́yìn, tí wọ́n gbé e lé Bàbá lọ́wọ́ láti fi tù ú nínú. Àwọn àgbà ṣòfin tuntun. Ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ àfi tí Bàbá bá kọ́kọ́ rí i lórí fóònù rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Èyí tí kò bá sì fi ìkíni sí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀, kó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni fóònù ń fi hàn Bàbá. Ó rí ìkíni, ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò rí i, ó dá a padà.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Bàbá, ariwo dínkù. Òun fúnra rẹ̀ kò fi àdúrà ránṣẹ́ mọ́, ojú tì í. Àwọn tó ń ṣe Àmín tẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan ṣe Àmín sí. Ìkìlọ̀ ń wọlé, a sì ń rí i, kìkì pé gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo kí ẹ̀yin bàbá wa, mo kí ẹ̀yin ìyá wa." Èmi náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó tiẹ̀ wù mí.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà obìnrin kan ní kí n bá òun wọn ilẹ̀ tí òun rà ní Igbó Arère, ní etí ìlú Oǹdó. Mo gba iṣẹ́ náà torí pé oúnjẹ ti tán nílé. Akíntúndé tẹ̀ lé mi, ọmọ Oǹdó gidi ni, ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi fa téèpù, ọkùnrin tó dákẹ́ tó sì lágbára. A dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ náà tutù, kòkó àtijọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo tẹ̀ba, mo ń wò ó, Akíntúndé sì ń wá òpó sìmẹ́ǹtì ààlà àtijọ́ nínú ewé.

Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ohun tí mo gbọ́ ni igbe Akíntúndé, "Ọ̀gá, ẹ bẹ̀rẹ̀!" Mo bẹ̀rẹ̀, àdá kọjá lórí mi, ó ba ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ṣubú. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà ni. Èyí tó ṣáájú wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó mọ́ tónítóní, ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá?" ó bi mí.

"Iṣẹ́ la wá ṣe, ẹ má bínú, a máa lọ."

"Ṣé ìwọ lẹni àkọ́kọ́ ni tàbí ẹni kejì? Wọ́n ní sọ́féyọ̀ méjì ló ń bọ̀ lónìí."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní mi ò mọ ẹni kejì kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣá mi. Mo gbé apá òsì sókè láti fi bo ojú, apá náà ló gbà á. Kò dùn mí lójú ẹsẹ̀. Mo wo apá mi, mo rí egungun tèmi, ó funfun bí eyín, kí ẹ̀jẹ̀ tó wá bò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dùn mí, mo sì ké bí ẹran.

Akíntúndé fa ẹsẹ̀ mẹ́ta ẹ̀rọ yọ nílẹ̀, ó fi irin orí rẹ̀ gbá oníṣẹ́ẹ̀tì lójú. Mo gbọ́ tí nǹkan fọ́ níbẹ̀. Ó tún un gbá, ọkùnrin náà wó lulẹ̀. Àwọn tó kù bo Akíntúndé. Wọ́n ṣá a lẹ́jìká, wọ́n ṣá a lọ́wọ́, ìka rẹ̀ méjì já bọ́ sínú ewé kòkó, ó ṣì ń fi ọwọ́ kejì ju irin kiri. Mo fi ọwọ́ mi tó kù kó iyẹ̀pẹ̀, mo dà á sí wọn lójú. Mo gé ẹni kan jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi. A ṣáà rí àyè, a sá. Mò ń fa Akíntúndé, Akíntúndé ń fa mi, ẹ̀gún ń ya wá lára, a já sí títì.

Wọn ò lé wa jìnnà. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ké láti inú igbó pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ! Ẹ jẹ́ ká dúró de ìkejì. Ìyẹn ò ní rí ẹsẹ̀ sá."

Ọlọ́kadà kan ṣàánú wa, ó gbé wa dé ilé ìwòsàn kékeré kan nínú ìlú. Wọ́n gbé Akíntúndé wọ yàrá lọ́hùn-ún, èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọ apá mi. Gbólóhùn yẹn ló ń ró ní etí mi. Ìkejì. Ẹnì kan nínú wa, awọnlẹ̀ bíi tèmi, ló ń bọ̀ ní ọ̀nà, ẹni tí ẹlòmíràn tó ra ilẹ̀ kan náà bẹ̀ ní iṣẹ́. Kò mọ nǹkan kan. Ó lè ti kọjá Ìlárá lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ báyìí. Ta ni? Mo pe àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ní kò sí epo nínú ọkọ̀, kí n wá kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ tí ara mi bá yá. Mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi díẹ̀ tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn wà nílé. Ẹni tí mi ò mọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é? Ohun kan ṣoṣo ló lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sì ń ran apá òsì, mo ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ fóònù. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí gíláàsì rẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà tí mi ò tẹ̀. "Ọma mi, fìdí mọ́lẹ̀ o," nọ́ọ̀sì ń sọ, "abẹ́rẹ́ ni mo mú lọ́wọ́." Mo kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ dákun, ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ ka èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí Igbó Arère ní Oǹdó, kó yípadà báyìí. Wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀. Wọ́n ṣá èmi àti Akíntúndé. Wọ́n ń dúró dè yín."

Mo fi ránṣẹ́. Mo mí kanlẹ̀. Mo ń wo fóònù kí ẹnì kan dáhùn pé òun ni, òun ti yípadà, Ọlọ́run ṣeun. Fóònù dún. Èsì ímeèlì láti ọ̀dọ̀ Bàbá Adébùsóyè ni.

"Olúrántí, ta lo ń pàṣẹ fún pé kó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Kí àwọn àgbà ná, kí o wá sọ tìrẹ. Iṣẹ́ kékeré kan ló gbé mi wá sí Oǹdó lónìí, n ó wò ó tí mo bá ráyè."

Ó ti dá a padà. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló kà.

Inú ti ń bí mi kí n tó parí rẹ̀, èébú ti dé ẹnu mi. Èébú náà ò jáde. Mo tún ìlà tó gbẹ̀yìn kà. Iṣẹ́ kékeré. Oǹdó. Lónìí. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ fún gbogbo wa pé òun ò ní wọgbó mọ́ láyé òun, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni kò jáde bí owó oṣù tiwa náà ò ṣe jáde, ó sì ti padà sí igbó láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí ojú ń tì í. Mo pariwo, nọ́ọ̀sì rò pé abẹ́rẹ́ ni.

Mo pè é. Ó gbé e.

"Bàbá, ẹ yípadà! Ẹ má dé ibẹ̀! Ẹ sọ fún awakọ̀ kó yí..."

"Ta nìyẹn? Olúrántí? Ṣé o ò lè kíni ni? O ń pariwo lé mi lórí bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Tí ara rẹ bá balẹ̀, kí o pè mí."

Ó gé e. Mo tún pè, kò gbé e. Mo tún pè. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, òwú ṣì wà lára apá mi, abẹ́rẹ́ ń fì lẹ́nu òwú náà, nọ́ọ̀sì ń bá mi bọ̀ nílẹ̀ ó ń ké pe Jésù. Mo tún pè. Ó gbé e. Kò sọ̀rọ̀, ó ń dúró.

Mo mọ ọkùnrin yìí. Mo mọ̀ pé tí mo bá tún kígbe, ó máa pa fóònù ni. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ilé ìwòsàn yẹn, mo di eyín mi pọ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Màmá ńkọ́?"

"Màmá wà, ó ń kí ọ. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún díẹ̀." Mo gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo gbọ́ ẹyẹ. "Ó dáa, Olúrántí mi, báyìí ni wọ́n ṣe ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá, ṣé Igbó Arère lẹ ń lọ?"

Ó rọ ohùn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú níbi tí kò yẹ kó wà. "Ta ló sọ fún ọ? Má sọ fún wọn o. Mo ti wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹni tó gbé mi wá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ilẹ̀ tó dáa ni. Mo rí ẹ̀rọ kan nílẹ̀ níbí, tí wọ́n fọ́. Ta ló máa fi irú ẹ̀rọ báyìí sílẹ̀ sínú ewé?"

"Tèmi ni! Bàbá, ẹ sá! Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ní àdá, ẹ sá!"

"Àwọn wo?" Mo gbọ́ tí ó yí padà, ewé ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé pé fóònù ṣì wà ní etí òun, àbí ohun tó ti ń ṣe láti kékeré ló kàn ń ṣe. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó gbé sókè, ohùn dídùn tó fi ń kí àwọn èèyàn oko, tó fi kọ́ èmi náà bí wọ́n ṣe ń wọ orí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Wọn ò dá a lóhùn.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò ní pa fóònù, mi ò lè pa á. Mo gbọ́ àdá bó ṣe ń ró tó bá kan ẹran, ó yàtọ̀ sí bó ṣe ń ró tó bá kan igi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí mọ ìyàtọ̀ náà láyé. Ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́. Àgbàlagbà yẹn ń bẹ àwọn ọmọdé, ó ń lo "ẹ" fún wọn. Lẹ́yìn náà, kò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n ò sì tíì dáwọ́ dúró.

Àwọn ará oko ló gbé e wá, inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó igi. Ilé ìwòsàn tí mo wà náà ni wọ́n gbé e wá, torí òun ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Kò sí ohun tí dókítà lè ṣe mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n fi aṣọ bò ó dé ọrùn, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n bò ó. Wọ́n kó fìlà rẹ̀, awò ojú rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ sínú àwo onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo bínú sí i. Mo sunkún, mo sì tún bínú sí i, mo sọ fún un lójú rẹ̀ pé òpònú ni, pé òun ló pa ara rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ mi tó kù nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ torí pé òun ló kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi.

Mo bá mú fóònù tèmi, mo kọ ọ́ sí ẹgbẹ́: "Wọ́n ti pa Bàbá Adébùsóyè ní Igbó Arère. Kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀." Mi ò kí ẹnì kankan. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìdáhùn ti ẹ̀rọ ímeèlì fúnra rẹ̀ wọlé lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti dé, pé ó ń dúró de ìyọ̀ǹda alámòójútó.

Nínú àwo onírin, fóònù Bàbá dún.

Nọ́ọ̀sì fò sẹ́yìn. Mo na ọwọ́ mú un. Bàbá kò fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í, kì í tì í, ó ní kí ló wà nínú fóònù òun tí òun fẹ́ tọ́jú. Orúkọ mi wà lójú rẹ̀, àti ìlà àkọ́kọ́: Wọ́n ti pa Bàbá Adébùsóyè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ibi méjì wà tí èèyàn lè tẹ̀, kó máa lọ, tàbí kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Mo fi etí aṣọ mi nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí gíláàsì, mo sì tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ta ni?" "Bàbá wo?" "Rárá o." "Olúrántí, o ń purọ́, mo bá a sọ̀rọ̀ lánàá." Tìmílẹ́yìn kọ̀wé láti ibi tó wà pé, "Ẹ gbà mí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òótọ́." Alága kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Bàbá." Kò sí ìkankan nínú wọn tó kí àgbà kankan. Gbogbo rẹ̀ ń wọlé sórí fóònù Bàbá tó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró pé kí Bàbá wò ó, kó sọ bóyá kó kọjá. Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá mi, mo ń tẹ̀ wọ́n lọ.